Bàbá wa ní Mind Your Language làwọn fẹ́ wò, níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Àdùkẹ́ Ìlú Òtútù
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́ ọgbọ́n yín ni mo wá yá. Bàbá mi dé láti Ìbàdàn lóṣù tó kọjá, oṣù mẹ́ta ni wọ́n máa lò lọ́dọ̀ wa ní London níbí, òtútù ò sì jẹ́ kí wọ́n lè jáde, láti àárọ̀ dalẹ́ wọ́n á wé bùláńkẹ́ẹ̀tì mọ́ra lórí àga, wọ́n á máa fi rìmóòtù yí ṣánẹ́ẹ̀lì kiri bíi pé nǹkan wọn ló sọnù síbẹ̀. Lánàá ọ̀rọ̀ yẹn wá sú mi, mo ní Bàbá, kí lẹ fẹ́ wò gan-an? Wọ́n ní Mind Your Language, eré apanilẹ́rìn-ín àtijọ́ orí tẹlifíṣọ̀n nípa kíláàsì tí àwọn àjèjì ti ń kọ́ gẹ̀ẹ́sì ní London.

Ẹ ẹ̀ rí i, bí wọ́n ṣe dárúkọ ẹ̀ báyìí ni ara wọn yá. Wọ́n ju bùláńkẹ́ẹ̀tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, wọ́n tẹrí ba bíi Ranjeet, ọmọ Íńdíà inú eré yẹn, wọ́n ní "a thousand apologies!" Ọmọ mi ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án rẹ́rìn-ín títí ó fi já bọ́ lórí àga. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, òun ò rín o, ó kàn wo bàbá àgbà lójú ó ní "Grandpa, ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn mọ́, racist nìyẹn." Ilé bá pa rọ́rọ́. Bàbá tún fa bùláńkẹ́ẹ̀tì wọn, wọ́n ní kí n bá àwọn wá ìròyìn.

Ẹ gbà mí o. Níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ṣé ọmọdé lè wò ó, báwo sì ni mo ṣe máa ṣe é tí bàbá ò fi ní rò pé ọmọ ń bá àwọn wí, tí ọmọ náà ò sì ní wọ yàrá lọ tilẹ̀kùn? Èmi kéré nígbà tí wọ́n ń ṣe é, orin ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nìkan ni mo rántí.

Ọmọ Mọ́lété
Ah, ẹ bá mi kí bàbá dáadáa o! Ẹni tiwa ni wọ́n!

Nílé tiwa ní Mọ́lété, ojúlé mẹ́fà, tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo, black and white tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin àti ilẹ̀kùn pákó tí onílé máa ń tì ní kọ́kọ́rọ́. Èmi ni mo kéré jù láàárín àwọn ọmọkùnrin, nítorí náà èmi ni wọ́n ń rán síta lọ di òpó áńtẹ́nà mú. Wọ́n á máa kígbe látinú ilé, "yí i, yí i díẹ̀ sí i, o ti yí i jù, dá a padà, ó tó, ó tó! dúró síbẹ̀!" Ibẹ̀ ni mo máa wà, ẹ̀fọn á máa jẹ mí, màá máa gbọ́ ẹ̀rín wọn láti inú ilé. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, wọn ò jẹ́ kí n wo Mind Your Language o, gbígbọ́ ni mo gbọ́ ọ. Ó ti lé lógún ọdún lẹ́yìn ìgbà yẹn kí n tó rí i pé Giovanni ọmọ Ítálì inú ẹ̀ ní irun tó pọ̀ tó yẹn.

Ìmọ̀ràn mi: láti apá kìíní pátápátá ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má fò ó. Ibẹ̀ ni Mr Brown, tíṣà wọn, ti kọ́kọ́ dé ilé ìwé alẹ́ yẹn, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sọ orúkọ wọn àti ibi tí wọ́n ti wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ò bá wo ibẹ̀ ò ní mọ ìdí tí Ali, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Pakistan, fi ń dáhùn ohun tí wọn ò bi í. London Weekend Television ló ṣe é, Vince Powell ló kọ ọ́, 30 December 1977 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e síta, ó sì parí ní 1979. Síríìsì kìíní ní apá 13, ìkejì 8, ìkẹta 8, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 29, ìkọ̀ọ̀kan ò sì tó ìdajì wákàtí. Tẹ́ ẹ bá ń wo ọ̀kan ọ̀kan lálaalẹ́, bàbá á wò ó tán kí wọ́n tó padà sílé.

Òmíì tún wà tí wọ́n ṣe ní 1986, apá 13. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Dino Shafeek tó ń ṣe Ali ti kú ní 1984, Tommy Godfrey tó ń ṣe Sidney náà kú lọ́dún kan náà, ilé ti tú.

Ìyá Ìbejì
Mr Brown!!! Ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ wà níbí ẹ má díbọ́n o. Ní hostel wa nígbà yẹn gbogbo wa la fẹ́ fẹ́ ẹ. Ọkùnrin rọra sọ̀rọ̀, ó wọ kóòtù, ó gboyè ní Oxford, ó sì ní sùúrù fún òpè. Èmi gbàgbọ́ pé gbogbo tíṣà gẹ̀ẹ́sì ní London ló máa rí bẹ́ẹ̀, mo dé ibí mo rí nǹkan.

Barry Evans lorúkọ ẹ̀ gan-an, ó dùn mí pé ayé ò rọgbọ fún un nígbẹ̀yìn, iṣẹ́ tíátà gbẹ lọ́wọ́ ẹ̀, ó lọ ń wa takisí ní Leicestershire, ibẹ̀ ni wọ́n ti bá òkú ẹ̀ nínú ilé ní 1997, ẹni ọdún 53. Nígbà tí mo gbọ́ mo sunkún bíi pé ará ilé mi ni.

Kò Kàn Mí
Ẹ má bínú sí mi o, èmi ti ọmọ yín obìnrin lẹ́yìn.

1991 ni mo dé ilẹ̀ yìí. Ibi iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ rí, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, tí mo bá ti lanu pẹ́nrẹ́n báyìí ẹnì kan á tún ọ̀rọ̀ mi sọ bí mo ṣe sọ ọ́, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní "mind your language!" Ọdún kan gbáko, "yes" àti "thank you" nìkan ló ń jáde lẹ́nu mi, èmi tí mo ṣe dìbéètì fún ilé ìwé mi ní sẹ́kọ́ńdìrì. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá ń rẹ́rìn-ín mi ò dá yín lẹ́bi, àmọ́ ẹ̀rín yẹn ti dé ara àwọn kan rí.

Ẹ sì rántí pé àwọn òyìnbó fúnra wọn ló dá a dúró o, Michael Grade tó jẹ́ ọ̀gá níbi tí wọ́n ti ń ṣe é ló pa á, kì í ṣe pé àwọn èèyàn ò wò ó, ó ní bí wọ́n ṣe ń fi àwọn àjèjì ṣẹ̀fẹ̀ yẹn ò dáa. Ẹ wo Chung Su-Lee ọmọ Ṣáínà, kí ni wọ́n fún un ṣe? Kó máa gbé ìwé pupa Mao kiri, kó máa fi L rọ́pò R, kó sì máa bá Taro ọmọ Japan jà. Ó parí.

Ọmọ Mọ́lété
@Kò Kàn Mí ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìfaradà. Mi ò ní bá yín jiyàn lórí ohun tójú yín rí. Èmi kàn ń sọ pé ibi tá a ti wò ó nílé, kì í ṣe òyìnbó ló ń wo àjèjì, àjèjì ló ń wo ara ẹ̀. Sidney tó ń tọ́jú ilé ìwé yẹn ńkọ́, òyìnbó ọmọ London pọ́ńbélé, òun gan-an ni mi ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ rárá.

Àǹtí Tíṣà
Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, nítorí mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní Yorùbá ní gbogbo Sátidé, mo sì ti lo Mind Your Language ní kíláàsì rí. Àdùkẹ́, ẹ gbọ́ bí mo ṣe ṣe é, bóyá ó máa wúlò.

Mi ò kọ́kọ́ fi hàn wọ́n o, mo jẹ́ káwọn fúnra wọn ṣìṣe ná. Ọmọkùnrin kan tí ò ju ọdún méje lọ, mo ní kó dìde kó sọ nǹkan kan fún wa nípa bàbá ẹ̀. Ọmọ gbé àyà síwájú, ó fẹ́ sọ pé mọ́tò bàbá òun méjì ni, ó ní: "Bàbá mi ní ọkọ méjì." Àwọn ìyá tó jókòó lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín, ìyá ọmọ náà fi ìborùn bojú, bàbá ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé bọ̀ ń béèrè pé kí ló dé, kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn. Mo wá kọ ọ́ sójú pátákó: ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́, ọ̀kọ̀. Mo ya ọkùnrin kan, mo ya mọ́tò, mo ya irin tí àgbẹ̀ fi ń ro oko, mo ya èyí tí jagunjagun ń jù. Ọmọ yẹn wò ó, òun náà wá rẹ́rìn-ín ara ẹ̀, kò sì ṣì í pè mọ́ látọjọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo wá fi apá kìíní yẹn hàn wọ́n, bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Ẹnì kankan nínú wọn ò pe Juan, akẹ́kọ̀ọ́ ará Sípéènì inú ẹ̀, ní òpònú. Nígbà tí Juan fi ìdánilójú dáhùn ìbéèrè lódìkejì tó sì ń rẹ́rìn-ín bíi pé òun ló gbapò kìíní, ọmọ ọlọ́kọ méjì ló kọ́kọ́ kígbe pé "ó dà bí èmi!" Nítorí náà mo rò pé ẹ jẹ́ kí ọmọ yín obìnrin fi Yorùbá ẹnu ẹ̀ sọ nǹkan fún bàbá àgbà ná, kí bàbá rín díẹ̀, kẹ́ ẹ tó tan tẹlifíṣọ̀n.

Nǹkan míì tẹ́ ẹ tún lè fi hàn wọ́n: Taro. Ẹ rántí bó ṣe ń fi "o" sí ìdí gbogbo ọ̀rọ̀. Wọ́n ṣàsọdùn, àmọ́ nǹkan wà nídìí ẹ̀, èdè Japan ò fẹ́ràn kí kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀, àfi N nìkan, àwa náà ńkọ́? Wọ́n gba "ball" lọ́wọ́ òyìnbó wọ́n sọ ọ́ di "booru", àwa sọ ọ́ di bọ́ọ̀lù. "Table" di "teeburu" lọ́dọ̀ tiwọn, ó di tábìlì lọ́dọ̀ wa. Àbúrò wa ni Taro jàre! Max tó jẹ́ ọmọ Gíríìkì tún ń fi H síbi tí ò sí H, "hokay, hokay", ẹ má jẹ́ ká parọ́, ta ni kò ní ẹ̀gbọ́n kan nílé tó ń jẹ "hegg" láàárọ̀?

Ìyá Ìbejì
"Hegg" kẹ̀! Àǹtí ẹ ti pa mí. Ọkọ mi ń bi mí pé kí ni mò ń dá rẹ́rìn-ín, mi ò lè sọ fún un nítorí òun gan-an ni.

Bọ̀dá Fídíò
Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ibi tó kàn mí, ibi rírí ẹ̀. Ó wà lórí YouTube, onírúurú èèyàn ló gbé e síbẹ̀, àmọ́ ẹ ṣọ́ra, àwọn kan yí àwòrán yẹn sódì kí wọ́n má bàa mú wọn, ẹ máa rí i pé lẹ́tà ojú pátákó dojú kọ ẹ̀yìn, òmíràn ni wọ́n mú sáré tí ohùn gbogbo wọn fi dà bíi ti ọmọ ẹyẹ. Tówó bá wà, ẹ ra DVD ẹ̀. Ẹ wo iye apá tó wà lára páálí kẹ́ ẹ tó sanwó, mo ti ra ọ̀kan rí lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á lójú ọ̀nà, mo délé, apá mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ìyókù jẹ́ ìwàásù. Ẹni tó bá fẹ́ rà á látibí ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà náà kó rántí pé Region 2 ni ti ibí, ẹ̀rọ tiwọn ò ní gbà á.

Tí etí bàbá ò bá fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́, ẹ tan àkọlé abẹ́ àwòrán, àmọ́ ẹ má lo èyí tí YouTube ń ṣe fúnra ẹ̀ o. Mo wo bó ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ Giovanni àti Juan sílẹ̀, kọ̀ǹpútà náà ń fẹ́ kíláàsì alẹ́.

Akọ̀wé Houston
Kí n fi èyí kún un, torí ó máa ń dùn mọ́ mi. Àwọn eléré yẹn gan-an, ẹ wo ibi tí wọ́n ti wá. Françoise Pascal tó ń ṣe Danielle ọmọ Faransé, tí gbogbo ọkùnrin kíláàsì ń wọ́ tọ̀ bí eṣinṣin, Mauritius ni wọ́n ti bí i. Kevork Malikyan tó ń ṣe Max ọmọ Gíríìkì, ará Armenia ni, Tọ́kì ni wọ́n sì ti bí i, òun náà lẹ rí nínú Indiana Jones kẹta. Albert Moses, Ranjeet wa, Sri Lanka ni wọ́n bí i sí. Pik-Sen Lim tó ń ṣe Su-Lee, ọmọ Malaysia ni. Ricardo Montez tó ń ṣe Juan ará Sípéènì, Gibraltar ni tiẹ̀. Dino Shafeek tó ń ṣe ọmọ Pakistan, Dhaka ni wọ́n bí i sí, nígbà tí ibẹ̀ ṣì wà lábẹ́ Íńdíà òyìnbó. Ẹni tí mo mọ̀ pé orílẹ̀-èdè ẹ̀ bá ti inú eré mu ni Anna Bergman, Ingrid ọmọ Sweden tó wọlé ní síríìsì kejì, ọmọ Ingmar Bergman tó ń ṣe sinimá ńláńlá sì ni. Àwọn tó wá láti ibi gbogbo lágbàáyé jókòó sí kíláàsì kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń díbọ́n pé àwọn wá láti ibòmíràn.

Ìjà Ali àti Ranjeet náà, bàbá lè lò ó fi kọ́ wọn ní ìtàn. Mùsùlùmí Pakistan àti Sikh Íńdíà, 1947 ni wọ́n pín ilẹ̀ wọn sí méjì, ọgbọ̀n ọdún péré kí eré yẹn tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń wò ó nígbà yẹn, ojú àwọn míì ṣì rí i.

Àwọn ará Íńdíà gan-an sì fẹ́ràn ẹ̀ débi pé wọ́n ṣe tiwọn ní 1993, Zabaan Sambhalke, Hindi ni wọ́n ń kọ́ àwọn àjèjì nínú ìyẹn. Amẹ́ríkà náà ṣe tiwọn ní 1986, What a Country! Kò pẹ́ tó fi kógbá wọlé.

Ìyá Ìbejì
Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ Jamila? Ẹ̀yin ọkùnrin, Danielle, Danielle, Danielle. Jamila tó ń hun aṣọ òtútù ní kíláàsì, tó dé láì gbọ́ gẹ̀ẹ́sì kankan, mọ́mì mi nìyẹn gẹ́lẹ́. Nígbà tí mọ́mì wá ṣe ọmú fún mi lórí àwọn ìbejì, wọ́n máa ń bá mi lọ sí kílíníìkì, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa hun fìlà ọmọ, tí nọ́ọ̀sì bá ti bá wọn sọ nǹkan kan wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á ní "good morning." Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, "good morning." Nọ́ọ̀sì yẹn fẹ́ràn wọn ju èmi lọ.

Kò Kàn Mí
"Ọmú fún mi"? Ìyá Ìbejì, ẹ tún ibẹ̀ kà o. Ọmúgwọ̀ ni wọ́n ń pè é, kí ìyá wá tọ́jú ọmọ ẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, àwọn ará Ìbò ló ni ín 😂😂 Ẹni tó ń gbèjà Jamila!

Ìyá Ìbejì
Yé è, fóònù yìí ló bà mí jẹ́, ó gé e! A thousand apologies!!!

Kò Kàn Mí
Ó dáa, ìyẹn pa mí lẹ́rìn-ín.

Àdùkẹ́ Ìlú Òtútù
Ẹ ṣé gan-an ni o, gbogbo yín pátá. Mo ní kí n wá jábọ̀.

Mo ṣe bí Àǹtí Tíṣà ṣe wí. Ní Sátidé lẹ́yìn oúnjẹ mo ní kí ọmọ mi obìnrin fi Yorùbá kí bàbá àgbà kó sì sọ ohun tó jẹ fún wọn. Ẹ̀wà la jẹ. Ó ní "mo jẹ ẹwà." Bàbá ní "o jẹ ẹwà ọ̀hún tán àbí ó ṣẹ́ kù, torí mo ṣì rí i lójú ẹ." Kò yé e, mo túmọ̀ ẹ̀ fún un, ó fọwọ́ bojú, àmọ́ mo rí i pé ó ń rín. Ni mo bá tan tẹlifíṣọ̀n.

Fóònù ló wà lọ́wọ́ ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, kò wò ó rárá. Ìgbà tó dé ibi tí wọ́n ń sọ orúkọ wọn, ó ṣàdédé ní "Grandpa, kí ló dé tí ò sí ọmọ Áfíríkà kankan níbẹ̀?" Lóòótọ́ ni o, nínú gbogbo àwọn tó ń jókòó sí kíláàsì yẹn kò sí dúdú kan, èmi ò tiẹ̀ kíyè sí i rí. Bàbá ní "àwa ti gbọ́ gẹ̀ẹ́sì ká tó dé, pàṣán ni wọ́n fi kọ́ wa." Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bó ṣe rí ní ilé ìwé wọn, pé ẹni tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì, wọ́n á gbé pátákó kan kọ́ ọ lọ́rùn, ó máa gbé e kiri títí á fi gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹlòmíì kó tó lè gbé e fún onítọ̀hún. Wọ́n ní ọjọ́ kan ó dalẹ́ lọ́rùn àwọn, àwọn sì gbé e délé, ìyá àwọn tí ò mọ̀wé ka ohun tó wà lára ẹ̀ rò pé ẹ̀bùn ni tíṣà fún àwọn, wọ́n bá gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀.

Ọmọ mi gbé fóònù sílẹ̀. A dá fídíò dúró bíi ogún ìṣẹ́jú, ó ń bi wọ́n léèrè, wọ́n ń dáhùn. Nígbà tá a padà sí i, òun ló ní ká wo ìkejì. Ó ṣì ní òun ò fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ṣe Su-Lee, @Kò Kàn Mí, mo sọ fún un pé ẹnì kan wà níbí tó wí bẹ́ẹ̀. Bàbá náà ò ṣe ohùn Ranjeet mọ́ níwájú ẹ̀. Wọ́n ń ṣe é ní kíṣìnì.

Wàhálà tó kù ni ti ọmọkùnrin yìí. "Holy ravioli" Giovanni ti wọ̀ ọ́ lára, gbogbo nǹkan ni "Holy ravioli." Lánàá ní ṣọ́ọ̀ṣì, pásítọ̀ ní ẹni tó bá gbà á kó pariwo àmín. Ẹ ti mọ ohun tó pariwo.

Ọmọ Mọ́lété
Kí ni pásítọ̀ wí?

Àdùkẹ́ Ìlú Òtútù
Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní "Mr Brown ńkọ́, ṣé ó wà pẹ̀lú yín?"